Késárì Nísàlẹ̀ Ojú Ìwé

Pọ́fídẹ́nsì, ìlú tí wọ́n fi ìpèsè Ọlọ́run sọ lórúkọ.
Yìnyín bo òkè tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́,
bàtà mi ń dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú.
Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fún èmi àti ẹ̀rọ ayàwòrán,
àti àpótí ìwé ìròyìn tó ti lé ní igba ọdún.
Iṣẹ́ mi ò le: mo ń tẹ́ ojú ìwé, mo ń tẹ bọ́tìnnì,
iná funfun á kọ yẹ̀rì, á kú.
Ìyáàfin Ọ́sgúùdù, ọ̀gá mi, ní kí n má kà á.
"Tí o bá ń kà á, Àrìnpé, a ò ní parí ẹ̀ láyé."
Mo kà á.

Lókè pátápátá, lẹ́tà gàdàgbà:
ọkọ̀ ojú omi gbé ìròyìn dé láti Yúróòpù.
Ọba kan lọ́hùn-ún, ìwé ò tilẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ dáadáa,
ti fòfin de ìdálóró tí wọ́n fi ń fa òótọ́ yọ lẹ́nu ẹlẹ́wọ̀n;
ó ní kí wọ́n tú àgbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ bí ewúrẹ́ mọ́ èèkàn,
kí ilé ẹ̀kọ́ wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan,
kí oníkálukú máa sin Ọlọ́run ẹ̀ bó ṣe wù ú.
Àwọn onímọ̀ ń kọ̀wé sí i, òun náà ń fèsì,
ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń gé kálámù.
Òǹtẹ̀wé ìhín fi tiẹ̀ kún un:
"Ojú ayé ti ń là. Òru àwọn baba wa ti tán."

Mo ní, Kábíyèsí, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.
Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo gbé tíì mi mu.

Ìgbà náà ni ojú mi sọ̀ kalẹ̀.

Lábẹ́ ìpolówó bọ́tà àti ìṣó,
lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà:
Ó sá lọ lóru Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Késárì,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀,
ẹ̀wù búlúù, bọ́tìnnì kan ti já,
ó mọ̀wé kà díẹ̀, ó lè parọ́ pé òun lómìnira,
ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, irú ti ìlú wọn.
Dọ́là mẹ́jọ fún ẹni tó bá mú un wá.

Ọba lókè. Késárì nísàlẹ̀.
Ta ló ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, tó dé ẹrú ládé Róòmù,
tó tún ń fi ajá lépa adé?

Ilà mẹ́ta.
Bàbá mi ní i. Pélé ni tiẹ̀, ó dúró lóòró;
ìwé ò sọ bóyá ti Késárì dúró àbí ó dùbúlẹ̀.
Mo fi ìka wá a lórí bébà bí ẹni ń wá ẹ̀gún.
Èdè wa bá ń ṣeré sí mi létí:
wọ́n la ojú ayé, a pè é ní ọ̀làjú;
wọ́n fi abẹ́ la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, a pè é ní ilà;
ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú, a ní ó là.
Èwo ló kàn ọ́ nínú rẹ̀, Késárì?

Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta.
Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn,
n kò bi ara mi rí pé ta ló ta ẹrú ọ̀hún.
Ọba tiwa náà gba ìbọn, ó gba ọtí,
kò sí onímọ̀ kankan tó kọ lẹ́tà sí i.
N kò lè jókòó sábẹ́ yìnyín kí n máa bú òyìnbó nìkan.

Mo wá ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti di dọ́là mẹ́wàá.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, méjìlá; ọba ti kọ́ ilé ìwòsàn.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọba ṣubú lórí ẹṣin, gbogbo ojú ìwé ń kẹ́dùn;
ti Késárì, kò sí nǹkan kan. Bọ́tà nìkan.

Wọ́n mú un ni? Igbó ló kú sí ni?
Àbí owó ìpolówó ló tán lọ́wọ́ olówó ẹ̀?
Mo yan ìkẹta.

Ìyáàfin Ọ́sgúùdù kanlẹ̀kùn: "Àrìnpé, ṣé ó ti tán?"
Mo ní ó ku ẹyọ kan.
Mo yí bébà àkọ́kọ́ yẹn po, mo tẹ́ ẹ lódìkejì,
ìsàlẹ̀ wá sókè.
Iná kọ yẹ̀rì.