Wọ̀n Ọ́n Kí O Tó Gé E

Oṣù Kìíní, Winnipeg gan bí ẹja inú fírísà.
Páálí mẹ́jọ wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ,
ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti sún sí kọ̀rọ̀
bí àlejò tí kò rí àga jókòó.
Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ní,
"Màmá, ẹ má ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò.
Ẹ jẹ́ ká tò ó fúnra wa."
Èmi tí n kò mọ̀ ju kí n tẹ bọ́tìnì, kí iná tàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.
Kí ló dé tí wọ́n ń pe pátákó yìí ní ìyá?
Ó ní torí òun ni gbogbo wọn ń rọ̀ mọ́:
ọpọlọ jókòó sí i láyà, ìrántí dúró tì í,
wáyà ń fà á lọ́tùn-ún, wáyà ń fà á lósì,
bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rí iṣẹ́ tó ń ṣe.
Mo ní ó yé mi. Má ṣàlàyé mọ́.

Ìrántí mélòó ló tó? Mẹ́jọ? Mẹ́rìndínlógún?
Ṣé ẹni tó ní ìrántí púpọ̀ ló ń sùn dáadáa?
Ṣé dandan ni kí fáànù máa tan iná búlúù,
àbí atẹ́gùn búlúù ló ń tutù jù?
Wọ́n ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.
Mo bi ènìyàn mẹ́rin,
wọ́n tọ́ka ọ̀nà márùn-ún.

Rodel, ọmọ Filipíìnì tó ń tajà ní òpópó Portage,
òun nìkan ni kò fi mí rẹ́rìn-ín.
Òun ló bi mí léèrè: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi oníbàárà tèmi nìyẹn:
ìgbéyàwó ni àbí ìsìnkú?
Mo ní ọmọ fẹ́ ya àwòrán tó ń rìn,
èmi fẹ́ máa kọ ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù.
Ó yọ ohun mẹ́ta kúrò nínú ẹrù mi,
igba dọ́là padà sápò.

Òtútù ìlú yìí a máa gbẹ,
bí mo bá bọ́ súwẹ́tà, irun mi a ta pàrà.
"Màmá, ẹ fọwọ́ kan irin ná!
Mọ̀nàmọ́ná ara yín lè pa á."
Mo wo ọwọ́ mi.
Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́,
n kò mọ̀ pé mo gbé mọ̀nàmọ́ná dání.

Ọpọlọ kò ju bísíkíìtì kan lọ.
Má tì í, gbé e lé e, yóò wọlé fúnra rẹ̀.
N kò mí títí ó fi wọlé.
Káàdì àwòrán ló kọ̀. Ìka méjì ló fi gùn ju àpótí lọ.
Omijé lé ròrò lójú Moyọ̀: "Mo ti ba owó yín jẹ́."
Mo fa téèpù yọ lọ́rùn.
Òun ló mọ orúkọ wọn, èmi ni mo mọ ìwọ̀n.
Mo wọn àpótí láti ẹ̀yìn dé iwájú,
mo rí irin kan níbẹ̀ tí kò gbé nǹkan kan dání,
síkírúù mẹ́rin ló dì í mú.
Mo tú u bí ẹni tú ìṣẹ́tí ṣòkòtò ọmọ tó ń ga.
Káàdì wọlé, àyè ṣẹ́ kù bí èékánná.

Aago kan òru ti kọjá. A tẹ bọ́tìnì.
Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àpótí lẹ́nu.
Mo ní, "Ṣé ó ti rẹ ìyá ni?"
A yẹ wáyà wò, a yẹ ìrántí wò, a tilẹ̀ bá ara wa jà díẹ̀,
kí n tó rí bọ́tìnì kékeré kan lẹ́yìn,
èyí tí n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Fáànù yí. Iná búlúù bo ìka wa,
iná tí mo ní n kò ní rà.

Moyọ̀ ti sùn sórí páálí nígbà tí ẹ̀rọ bi mí:
ilẹ̀ wo lo wà? Èdè wo lo fẹ́ máa kà?
Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, jẹ́ kó béèrè.
Mo wá tiwa lọ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá,
ó wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀yìn.
Mo jí ọmọ kó wá wò ó.
Ó ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká sùn."