Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ló Kù

Iná ti lọ ní Àgọ́-Ìwòyè.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tó fẹ́ràn tábà,
èmi ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó ṣẹ́ kù
wá àṣìṣe inú iṣẹ́ àṣekágbá mi.
Ìlà kẹtàlélọ́gọ́rin.
Àmì bíńtín kan ni mo gbàgbé,
kò tó ẹyin iná orí,
òun ló dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù tí wọ́n á ní ká máa lọ.
Síbo?
Èyí kò sí nínú ìdánwò kankan.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ:
bó bá rí báyìí, ṣe tibí;
bí kò bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún.
Ẹ̀rọ kì í bi mí pé àbúrò rẹ ńkọ́.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní.

Dókítà Ṣóyọmbọ̀ ní kí n dúró gba oyè kejì,
ó ní ọpọlọ mi mú.
Bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé ẹ̀kọ́ rẹ̀
ló wọ̀ ní Túsìdeè tó ń sọ ọ́.
Mo dúpẹ́. Mo wo bàtà. Mo tún dúpẹ́.

Adébámbọ̀ ti wà ní Yábàá láti oṣù Ẹrẹ́nà,
ó ń kọ àpù fún àwọn tó ń yáni lówó.
Owó oṣù rẹ̀ dára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni
kí fóònù onígbèsè máa dún títí ojú á fi tì í.
Ó sọ ọ́ tán, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àwọn ọmọ ilé aláwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀.
Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, orúkọ olórúkọ ni wọ́n ń jẹ́;
ẹni tí kò lè kọ ìlà kan ń wa Bẹ́ńsì.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí:
"Mosún, tìrẹ ò ju kó o kọ́ ojú báńkì tó jọ báńkì."
Mo ní rárá. Ẹ má tíì yìn mí.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo ṣì ń ṣírò iye tí wọ́n dá lé e.

Ìyá mi ń ṣa gbànja ní Ṣágámù.
Ó ń jókòó sórí àpótí láàrin apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin:
ńlá, àárín, wẹ́wẹ́,
àtèyí tí kòkòrò ti dá lu.
Ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró ronú.
Ní ọdún kejì mo kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń ṣa nǹkan sọ́tọ̀,
mo gba máàkì mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
mo gbé látọ́ọ̀pù dé ìsọ̀, mo ní ìyá mi, ẹ wá wò ó.
Ó nu ọwọ́ nù. Ó wò ó dáadáa.
"Ó dára. Ṣé ó mọ èyí tó máa jẹrà kó tó dé Kánò?"

Látìgbà náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri.
Mo ya ọ̀ọ́dúnrún obì ní fọ́tò,
mo fi kọ́ ẹ̀rọ; nínú mẹ́wàá, ó gba mẹ́fà.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú:
"Bí mo bá ń gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kí lẹ̀ bá jẹ dàgbà?"

Iná dé. Àdúgbò pariwo.
Mo fi àmì bíńtín náà sípò rẹ̀, iṣẹ́ náà sì lọ geere.
Adébámbọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ṣé ò ń bọ̀?"
Mi ò tíì fèsì.
Obì kan wà nísàlẹ̀ báàgì mi, láti ilé.
Mo gbé e sábẹ́ iná, mò ń yí i, mò ń wá ihò kòkòrò.
Mi ò rí nǹkan kan.
Ìyá mi ì bá ti rí i.