Mítà Méjì

Èmi Gethin ni mo lẹ tépù aláwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì yìí,
ní òru ọjọ́ Àìkú kan, ní Bangor, létí òkun Wélsì.
Okùn ìwọ̀n sọnù. Mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ
láàárín tíì àti bísíkíìtì,
Mererid fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi orí mi àti ibi gìgísẹ̀.
Mi ò ga tó mítà méjì,
a fi búrẹ́dì gígùn kan kún un.
Nítorí náà, òfin tí ẹ ń tẹ̀lé yẹn,
ara mi ni, àti búrẹ́dì.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọṣọ iṣẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹnì kan jáde, ẹnì kan wọlé.
Ẹ má kó gbogbo ìdílé wá wo ọṣẹ.
Ẹ má tẹ tòmátì mẹ́fà níkùn kí ẹ tó mú méjì;
ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn, ẹ gbé e lọ sílé, ó ti di ẹbí yín.
Ọ̀nà ìyẹ̀fun, lílọ ni. Ọ̀nà wàrà, bíbọ̀ ni.
Ẹni tó bá gbàgbé iyọ̀, kí ó yí gbogbo ilé po
bí òṣùpá, kí ó tún padà wá.
Bébà ìnùdí, ìdì kan fún ẹnì kan:
ìdí kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún oníkálukú.

Ikọ́ ńkọ́?
Ọ̀gbẹ́ni Tudwal, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
itọ́ lásán ló há a lọ́fun lẹ́bàá wàrà,
ó húkọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré,
ọ̀nà là gbayawu bí ẹni pé ọba ń bọ̀.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè: “Itọ́ ni o! Itọ́ lásán ni!”
Ta ló fẹ́ dúró gbọ́ ẹjọ́ itọ́?

Aago mẹ́jọ, wákàtí àwọn àgbà.
Eluned wọlé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
aṣọ fèrèsé ló fi rán ìbòmú, òdòdó rẹ̀ dorí kodò.
Oṣù kan ààbọ̀ nìyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.
Èmi kọ́ ló sọ fún; Mererid ló sọ fún láti ẹ̀yìn gíláàsì,
bí ẹni ń sọ iye owó ẹyin.

Píìsì inú agolo ló wá rà. Pẹpẹ òkè ló wà.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ;
ẹ wá wo ọwọ́ àgbà ní Bangor.
Ó na ìka, ó na ọ̀pá, ó wọ̀tún, ó wòsì.
Àwa mẹ́rin la wà ní ọ̀nà náà, gbogbo wa ga,
gbogbo wa dúró lórí tépù wa bí ère,
a ń fi ojú rojọ́ fún ara wa.
Bí mo bá sún mọ́ ọn, kí ni mo gbé wá fún un?
Bí mi ò bá sún mọ́ ọn, kí ni mo jẹ́?

Ọmọkùnrin kan tó di irun bí okùn, mi ò mọ̀ ọ́n rí,
ló rìn lòdì sí ọfà mi.
Mo lanu láti kígbe, ìbòmú gbé igbe náà mì.
“Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ sún sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta.”
Ó fi oje apakòkòrò ra ọwọ́, ó fa agolo kan sọ̀kalẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yí i lórí ilẹ̀, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń yí bọ́ọ̀lù sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.
Gbìrì, gbìrì, agolo ń bọ̀,
ó kọjá ibi orí mi,
ó kọjá ibi gìgísẹ̀,
ó kọjá búrẹ́dì,
ó forí sọ bàtà Eluned.

Ó gbẹ́sẹ̀ lé e bí agbábọ́ọ̀lù.
Ó rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe mọ̀?
Òdòdó aṣọ fèrèsé náà mì.

Lálẹ́, mo tún kúnlẹ̀. Etí tépù kan ti ń ṣí,
mo lẹ̀ ẹ́ padà.
Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo píìsì wá sí pẹpẹ ìsàlẹ̀.
Kò sẹ́ni tó rán mi.