Ẹfun Ọwọ́ Arókoyọ̀

Ẹ má wo àárín fọ́tò náà.
Gbogbo ayé ló ń wo àárín.
Ẹ wo igun òsì nísàlẹ̀,
níbi tí òjìji ọmọdé kan ti yọjú wọlé
bí ewúrẹ́ sí yàrá àlejò.
Bàbá bàbá mi nìyẹn.

Ọdún tí eéṣú jẹ oko Ìjùmú tán
ni ayàwòrán gòkè dé Ògìdì láti Lọ́kọ́ja,
Jósáyà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀,
àpótí dígí lórí aláàárù méjì,
ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, aṣọ dúdú kan.
"Okun o," ó kí wọn.
Wọ́n dáhùn, wọn ò sún mọ́ ọn.

Àpáta Ẹlẹ́sẹ̀ ló bá wá:
ipasẹ̀ tí a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ,
òṣùpá, alángbá, ọkọ́ tí kò ní igi.
Òjò ti fọ̀ wọ́n tẹ́ bí ọṣẹ tó kù nínú àwo.
Ìka ń rí wọn; ẹ̀rọ ò rí wọn.
Ó bá fi ẹfun lé Arókoyọ̀ lọ́wọ́:
"Ọmọ, tọ ojú ìlà.
Má fi kún un. Má yọ níbẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ẹfun lọ́wọ́, àpáta níwájú,
àgbà sì ti ki orí bọ inú aṣọ dúdú.

Ó tọ ìlà. Ó tọ ìlà títí.
Ìgbà tó kan alángbá, ó rí i pé kò nírù.
Àánú ṣe é.
Ó fún un nírù.
Wọ́n ní kó kúrò níbẹ̀. Ó kúrò;
òjìji rẹ̀ ò kúrò.

Àpáta náà ò sí mọ́.
Àwọn tó ń wá òkúta títì fi ẹ̀tù fọ́ ọ
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
A ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sí Kàbà, lábẹ́ ọ̀dà.
Fọ́tò ló kù. Dígí rẹ̀ ti fọ́ létí kan.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀mọ̀wé kan gbé e wá sílé wa,
ó fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kan ìrù náà:
"Irú èyí kò sí níbòmíràn," ó ní.
"Ìtumọ̀ rẹ̀ á jinlẹ̀ gan-an."
Ìyá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.
Ẹ̀rín ń mì nínú mi bí omi inú ìkòkò tí wọ́n gbé sáré.

N kò sọ fún un.
Ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó gbẹ́ alángbá,
láyé ọjọ́un, ni ebi lé lọ sílé,
tó ní òun ń bọ̀ wá ṣe ìrù lọ́la?