Olè Tí A Fowó Bẹ̀

Ní ilé kòkó wa, lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́,
ẹ̀rọ mẹ́tàdínlógójì ló so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan:
òṣùwọ̀n tó ń wọn àpò,
kámẹ́rà ẹnu géètì,
kọ̀ǹpútà Ìyá Akápò tó ń sanwó fún àgbẹ̀,
àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó máa ń há bébà nígbà òjò.
Ẹni tó bá wọ ọ̀kan, ó ti wọ gbogbo wọn.
Èmi ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni n kì í sùn.

Ọ̀gá Akíngbadé ní, "Ìbírónkẹ́, owó ohun kan péré ló wà.
Yan."

Àwọn méjì ló wá polówó.
Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bíi bíríkìlà:
a ó pín ilé sí yàrá, a ó pín yàrá sí ìyẹ̀wù,
ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan yóò máa bi ẹni tó kàn án pé,
"Ta ni ọ́? Kí lo wá mú? Ta ló rán ọ?"
Kámẹ́rà ò ní mọ ọ̀nà ilé akápò mọ́.
Òṣùwọ̀n á wọn kòkó, kò ní gbọ́ iye tí wọ́n san.
Mo fẹ́ràn rẹ̀.
Ó wá dá iye lé e. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

Èkejì ò mọ ògiri kankan. Olè ló ń tà,
olè tí kì í jí nǹkan:
á fọ́ ilé rẹ lóru,
á ka fèrèsé tó ṣí, á ka ẹni tó sùn gbàgbé,
á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún ọ láàárọ̀.
"Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta," ló wí,
ó rẹ́rìn-ín: "Àpáta ò kúkú jìnnà sí yín, Ìdànrè nìyẹn."

Mo ní kí àwọn méjèèjì yá mi ní tiwọn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lóru Ọjọ́bọ̀, mo tú olè sílẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, òórùn kòkó gbígbẹ gba ọ́fíìsì kan.
Àmì pupa kékeré kan ni, lójú kọ̀ǹpútà mi.
Ó gba ojú kámẹ́rà wọlé
(ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi tà á fún wa la ṣì ń lò),
ó kọjá lára òṣùwọ̀n, kò tilẹ̀ kí i,
ó sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,
ó wọ yàrá Ìyá Akápò.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ó ń ka orúkọ: Fálóhùn ará Ìdànrè, àpò mẹ́fà.
Opó Adégòròyè, àpò méjì àbọ̀.
Kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀.
Síbẹ̀ ara mi bù máṣọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo mọ ògiri onítọ̀hún yíká yàrá mẹ́ta,
mo tún tú olè sílẹ̀.
Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń kàn án, ó ń kàn án.
Mo ti ń yọ̀
kí ó tó yà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.
Mo ti fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án,
nítorí Ìyá Akápò ní òun ò rí ìwé tẹ̀.

Ògiri ò mọ ibi tí òun ti lanu.
Aláǹgbá ló mọ̀ ọ́n.

"Èwo wá ni?" ni ọ̀gá bi mí ní Ọjọ́ Ajé.
Mo ní ká kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà kámẹ́rà padà ná,
ìyẹn ò ní ná wa ní kọ́bọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. N ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Opó Adégòròyè wá gbowó.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń fi itọ́ tọ́ ìka.
Lẹ́yìn náà ó pín in:
díẹ̀ sétí ìró, díẹ̀ sáyà,
èyí tó kù, ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀,
ó sì bọ́ sí títì.