Àmì Méjì

Ní ọgọ́ta kìlómítà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.
Kì í ṣe ariwo. Ariwo ìbá dára,
ariwo a máa sọ ibi tí ó ń gbé.
Èyí ń gba abẹ́ ìjókòó wọlé bí òtútù,
ó ń gun ẹ̀yìn mi dé eyín,
Jọ́ọ̀jì Mímọ́ inú férémù kékeré iwájú mi
a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ẹṣin rẹ̀,
gìrì gìrì gìrì, kò kúrò lójú kan.

Nífà pupa ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ogún tí Murzakan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fi sílẹ̀ fún mi
pẹ̀lú sípánà mọ́kànlá
àti gbèsè epo nílé Tsiala nísàlẹ̀ àfonífojì.
Mọ́tò ń gbọ̀n, èmi kò gbọ́n:
àmì ohùn kan ṣoṣo ló là wá láàárín.

Gbogbo Mestia ló mọ ohun tó ń ṣe é.
Táyà ni, Bezhan wí.
Mo gbé ti iwájú sẹ́yìn, mo gbé ti ẹ̀yìn síwájú:
ó ń gbọ̀n.
Ẹ́ńjìnnì ni, ọmọ rẹ̀ wí.
Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ké bí ẹlẹ́dẹ̀,
àlùfáà yọjú:
kò gbọ̀n.
Mo sáré dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Latali, mo yọ ọ́ kúrò ní jíà,
ó ń yí lọ fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń tòògbé:
ó ń gbọ̀n.
Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ohun tó ń bá ẹsẹ̀ yí ni,
kì í ṣe ohun tó ń mu epo.

Ẹni tó ń wá olè láàárín ará ilé,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa rán wọn níṣẹ́.
Mo rán pọ̀pẹ́là iwájú níṣẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí koríko:
ó ń gbọ̀n.
Mo dá a padà, mo rán ti ẹ̀yìn níṣẹ́,
mo fa ọ̀pá tó ń de iwájú mọ́ ẹ̀yìn,
ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń wọ́ mi gòkè.
Ọgọ́ta. Àádọ́rin.
Jọ́ọ̀jì Mímọ́ jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń ya fọ́tò.

Olè rèé. Mo sì mọ̀ ọ́n.
Èmi ni mo tú u ní oṣù kẹrin,
mo pààrọ̀ oríkèé rẹ̀ méjèèjì,
mo fi gíríìsì kún eyín inú rẹ̀,
mo sì tì í bọ inú ara rẹ̀ padà bó ṣe bá mi lọ́wọ́,
búrẹ́dì ẹlẹ́ran ní ọwọ́ òsì, inú mi ń dùn.

Mo fi kẹrosíìnì nù ún. Lábẹ́ ẹrẹ̀ ọdún mẹ́wàá
mo rí ojú kan tí wọ́n fi ìṣó lù,
àti èkejì rẹ̀ níwájú díẹ̀,
àwọn tó yẹ kí wọ́n máa wo ara wọn.
Wọn ò wo ara wọn. Eyín méjì ló wà láàárín.
Murzakan kò kọ nǹkan sílẹ̀ rí,
àní orúkọ rẹ̀, Tsiala ló ń bá a kọ ọ́.
Ó kọ èyí
fún ẹni tí yóò tú u lẹ́yìn òun
láìní ẹni tí yóò bi léèrè.

Orúnkún méjì ló ń kúnlẹ̀ papọ̀.
Bí ọ̀kan bá ń kúnlẹ̀ tí èkejì ń dìde,
ara wo ni yóò sinmi?
Mo fà á yọ. Eyín kan, eyín kejì. Mo tì í wọlé.
Mo tún ojú méjèèjì lù kí wọ́n jinlẹ̀ sí i,
mo fi ọ̀dà funfun tọ́ wọn.

Ó ku díẹ̀. Bó bá di àádọ́rùn-ún, ohùn kan ṣì ń kùn nísàlẹ̀.
Bezhan ní kí n dẹ bóòtù àpótí jíà kékeré,
kí n jẹ́ kó máa yí lórí jáàkì títí yóò fi rí ààyè ara rẹ̀,
kí n tó dè é.
N ó ṣe é. Kì í ṣe lónìí.
Lónìí, mo yà nílé Tsiala, mo san gbèsè epo.
Ó ní, kí ló ti ń ṣe mọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀?
Mo ní, èmi ni.