Epo Wà, Ebi Pa Á

Ní Àpò, lọ́gbà àwa mẹkáníìkì Àbújá,
ilẹ̀ dúdú ju ilẹ̀ oko lọ;
ogún ọdún epo ló ti mu.
Bí òjò bá rọ̀, omi kì í wọlẹ̀,
á léfòó, á máa dán bí ọrùn ẹyẹlé.

Ibẹ̀ ni Tersoo gbé mọ́tò pupa rẹ̀ wá,
mọ́tò tó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè wo òrùlé rẹ̀.
Ó ní, "Ọ̀gá, mo wọn epo láàárọ̀. Ó kún."
Mo fa ọ̀pá yọ, mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á.
Lóòótọ́ ni. Epo kún.
Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì,
bẹ́rìn ti jó mọ́ kránkì bí ìrẹsì mọ́ ìdí ìkòkò.

"Níbo lo ti sáré?"
Ní kọ́nà tó yí òkè Katampe ká, lóru,
nígbà tí ọ̀nà dá, tí táyà ń ké bí ológbò.

Mo bu omi sínú abọ́ fífẹ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́:
"Sáré. Yà sọ́tùn-ún lójijì."
Omi gun ògiri abọ́ lápá òsì, ó dà sí i lẹ́sẹ̀.
"Wo àárín abọ́. Kí ló kù níbẹ̀?"
Kò dáhùn.
Àárín abọ́ ni ẹnu pọ́ǹpù wà.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló fi mu afẹ́fẹ́ dípò epo,
tí irin fi rí irin láìsí onílàjà.
Ebi kì í ṣe àìsí oúnjẹ nìkan;
ọbẹ̀ lè kún ìkòkò kí ọwọ́ má tó o.

Mo jó irin pẹlẹbẹ mẹ́rin yí ẹnu pọ́ǹpù náà ká,
mo fi ilẹ̀kùn tín-ín-rín sí i bíi ti ìgèrè:
epo a wọlé, epo kò jáde.
Mo so géèjì mọ́ iwájú rẹ̀,
nítorí iná pupa yẹn, òkú ló máa ń kéde.
Mo wá bú ìwà èwe títí,
àwọn ọmọṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín.

Nígbà ọyẹ́, Zubairu pè mí láti ẹ̀yìn Akwanga.
Tìrélà tí ọwọ́ mi fúnra mi tún tò.
Zubairu kì í sáré.
Bó bá gúnlẹ̀, á jẹ obì kan tán
kí tọ́bò tutù, kó tó pa ẹ́ńjìnnì.
Ọ̀nà ibẹ̀ sì tọ́ bí okùn.

Mo sùn sábẹ́ rẹ̀, mo tú àwo epo,
èébú ti wà lẹ́nu mi fún ẹni tó ta epo ayédèrú fún un.
Lẹ́nu ajọ̀ pọ́ǹpù ni mo ti rí i:
gọ́ọ̀mù pupa, ó ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó dì pọ̀ bí ẹran.
Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ àwo yẹn kí epo má baà jò.

Ọ̀gá Láníhùn tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Ọ́fà máa ń wí pé,
"Èyí tó yọ síta tí o rí,
ìlọ́po méjì rẹ̀ wà nínú."

Zubairu tan tọ́ọ̀ṣì. "Mene ne?"
Tòmátì ń kán sórí ọ̀dà, tó, tó.
Mo lè ní iyanrìn ni.
Mo lè ní àmúwá Ọlọ́run ni.
Mo ní, "Èmi ni."
Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó gé obì sí méjì,
kò fún mi lára rẹ̀.

Abọ́ Tersoo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.
Ọmọṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan á gbé e sáré.
Lẹ́yìn náà, màá gbé gọ́ọ̀mù fún un,
màá ní kó fà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú,
kó sì fi ìka nu inú.
Owó ẹ́ńjìnnì Zubairu,
ó ṣì ku díẹ̀ lọ́rùn mi.